Pátákó Oníná Kọ́nà Odò-Ẹja àti Àga Tó Ṣófo Níwájú Rẹ̀

Ẹ má tíì dìde, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ìsìn ìrọ̀lẹ́ ti ń parí lọ, mo sì rí àwọn kan tí wọ́n ti ń fojú wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi bàtà sílẹ̀ ná. Wòlíì ti fún mi láyè kí n sọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí, màá sì sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀ nítorí ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìdòwú tó ń rán sùtánà. Aṣọ funfun tó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ yín yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Èmi kì í ṣe aríran. Láti ìgbà tí mo ti ń wá sí ilé àdúrà yìí, ẹ ò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀mí gbé mi lọ síbì kan. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé wọ́n á ríran láàárọ̀, wọ́n á tún rí òmíràn kí ẹ̀bà ọ̀sán tó délẹ̀. Tèmi kọ́ nìyẹn. Ẹnu mi mú, gbogbo yín lẹ mọ̀. Bí mo bá fẹ́ bá èèyàn jà, ojúkojú ni mo máa ń bá a jà, n kì í fi ìran bojú. Nítorí náà, bí mo bá wí pé mo rí i, ẹ gbà pé mo rí i.

Nítorí àwọn àlejò tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kọ́nà Odò-Ẹja ni iwájú ilé ìjọ wa yìí ń jẹ́. Kò sí bí a ṣe lè dé ilé àdúrà tàbí kí a padà sílé láìsọdá títì ní kọ́nà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n wá ri pátákó gàgàrà kan mọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lẹ bébà mọ́, oníná ni, bíi tẹlifíṣọ̀n tó ga ju ilé alájà lọ. Á gbé àwòrán ọṣẹ, á gbé àwòrán ọtí, á gbé ti báńkì. Bó bá sì fẹ́ pààrọ̀ láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, á kọ́kọ́ tàn funfun báláú, ojú gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lórí títì á sì fọ́ pátápátá kó tó tún là.

Káńsù wa ní òfin lórí irú pátákó bẹ́ẹ̀. Ẹnu Alàgbà Gbénró ni mo ti gbọ́ òfin náà, òun ni káńsẹ́lọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pátákó ìpolówó ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, òun náà ló jókòó ní ìlà iwájú yẹn. Òfin ní kò gbọdọ̀ sí pátákó oníná ní kọ́nà. Òfin ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Òfin náà dára, ó dùn gbọ́ létí. Èmi náà ní pátákó kékeré kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pákó lásán, mo ní kí wọ́n kọ “Sùtánà wà níbí” sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fà á tu, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní ó sún mọ́ títì jù. Pátákó mi tí ewúrẹ́ ń fi ara nù! Ti gàgàrà yẹn wà lókè lórí wọn, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Àwa obìnrin ìjọ kó ara wa jọ lọ sí káńsù. A ní iná yẹn ń fọ́ ojú awakọ̀, pé ó máa pa èèyàn. Ọ̀gá àwọn tó ń yẹ pátákó wò nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu. Ó ní òun máa wá wò ó fúnra òun. Òótọ́ ló sì wá. Ẹ gbọ́ ìgbà tó wá o. Ọ̀sán gangan, oòrùn wà láàárín orí. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ awò dúdú, ó gbójú sókè, ó ní, “Èwo ló mọ́lẹ̀ jù nínú èyí?” A ní kó jọ̀ọ́ kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní àwọn kì í ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, pé bí ọ́fíìsì bá ti kógbá, ó ti kógbá nìyẹn. Iná ni wọ́n wá yẹ̀ wò nínú oòrùn, ẹ̀yin ará. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan.

Bí ọ̀gá tó ni pátákó ṣe wá bẹ ìjọ wò nìyẹn. Ó ní òun máa gbé àwòrán ìsọjí wa sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n yà, wọ́n fi Mọ́rẹ́nikẹ́ àbúrò mi sáàárín nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ pàtẹ́wọ́ jù wá lọ, ó fà mí lọ́wọ́ jáde kí n wá wo ojú òun lókè. Mo ní ó rẹwà, àmọ́ iná yìí kò dáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi díẹ̀.”

Kò pẹ́ sígbà náà ló ń sọdá lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú sùtánà tí mo rán fún un lọ́rùn rẹ̀. Iná yẹn bù yẹ̀rì, ọkọ̀ tó ń kó pákó yà bàrá, ó sì gbá a. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, gbólóhùn kan ló ń wí, pé funfun nìkan lòún rí. Ojú Mọ́rẹ́nikẹ́ sì wà lókè níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí òkú ara rẹ̀. Wọn ò gbé àwòrán náà kúrò títí ìsọjí fi parí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé káńsù, Alàgbà Gbénró dìde níbẹ̀, ó ní awakọ̀ ló mutí yó. Alàgbà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò gbóòórùn ẹnu ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò mu nǹkan kan. Ọ̀la tó jẹ́ ọjọ́ Ajé yìí ni wọ́n máa fún pátákó náà ní àṣẹ tuntun láti máa wà níbẹ̀ lọ, Alàgbà ló sì máa fọwọ́ sí i. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì lọ́jọ́bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku. Ó ní, “Ìyá Ìdòwú, ẹ gba kámú. Àmúwá Ọlọ́run ni.” Mo dá a lóhùn pé àmúwá Ọlọ́run kọ́, àmúwá káńsù ni. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ ti mọ inú tí mo fi wá gbàdúrà lánàá. Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kì í ṣe ìdáríjì ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Mo wá lọ́sàn-án nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, mo ní Ọlọ́run, gbẹ̀san mi. Mo ní tí o bá jẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n sọ fún mi, jẹ́ kí ojú wọn fọ́ bí wọ́n ṣe fọ́ ojú awakọ̀ yẹn. Mo ka Sáàmù tí ẹ̀ ń kà fún ọ̀tá, mo kà á títí ètè mi fi gbẹ. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ lórí ẹní.

Mo ṣàdédé rí ọkùnrin àgbà kan tó dúró sí ibi ẹsẹ̀ mi. Ó wọ sùtánà. Nítorí pé iṣẹ́ mi ni, ojú ìrán aṣọ náà ni mo kọ́kọ́ wá. Mo wo èjìká, mo wo abẹ́ apá, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ojú ìrán kankan lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Ó fi oríkì pè mí, ó ní, “Àṣàkẹ́, dìde.” Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi lórí ẹní tí mo ṣì ń sùn, tí ẹnu mi là sílẹ̀.

A gòkè, mi ò mọ bí a ṣe gòkè. Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé tutù, ó sì dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í gún ojú, bí ìmọ́lẹ̀ ìgbà tí oòrùn ti wọ̀ tí ilẹ̀ kò tíì ṣú ni. Àwọn olóòótọ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi, àwọn kan ń sùn, àwọn kan kàn dùbúlẹ̀ wọ́n ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Mo rí Bàbá Ṣọ́jà tó máa ń gbá àgbàlá ìjọ wa láyé ọjọ́un, ìgbálẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó nara gbalaja. Mo bi àgbà náà léèrè pé ṣé wọn kì í ṣiṣẹ́ níbí ni. Ó ní, “Wọ́n ti ṣe é.”

Mọ́rẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ pé, kò sí egbò lára rẹ̀, sùtánà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, èmi tí mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀ títí tí kò lọ. Mo sunkún. Ó ń nu ojú mi, ó sì béèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iná yẹn ṣì ń tàn?”

Mo gbójú sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sílẹ̀ ni mo rí i pé àwọn obìnrin kan ń tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára wọn. Mo bi àgbà náà pé ta ló ni àwọn ẹní wọ̀nyí. Ó ní, “Àwọn tó ń bọ̀ láti kọ́nà yín.” Ó fẹ́ dárúkọ wọn. Mo fi ọwọ́ di etí mi. Ilé tútù ni o, ilé ayọ̀ ni, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín débẹ̀ nípasẹ̀ ọkọ̀ akópákó.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dúró lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ní, “O béèrè ẹ̀san. Wá wò ó.” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Mo ti gbọ́ látọmọdé pé ọ̀run àpáàdì ṣókùnkùn. Irọ́ ni. Kò sí òkùnkùn níbẹ̀ rárá, bí òkùnkùn bá wà níbẹ̀ ni, àánú ni ì bá jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń hó. Pátákó oníná dúró lọ́tùn-ún lósì bí igi inú igbó, gbogbo wọn ń tàn, gbogbo wọn ń pààrọ̀, àwọn èèyàn sì wà lábẹ́ wọn tí wọ́n fẹ́ di ojú wọn tí wọn ò lè di í, nítorí wọ́n ti gba ìpéǹpéjú wọn. Àgbà náà fi etí aṣọ rẹ̀ bo ojú mi kí èmi lè rí ọ̀nà.

Àwọn òpùrọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n so wọ́n mọ́ òpó lókè, wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan ń ké pé, oògùn tí mo tà fún yín kò wo nǹkan kan, omi gbígbóná ni. Òmíràn ń ké pé, ilẹ̀ tí mo polówó kì í ṣe tèmi, onílẹ̀ wà láàyè. Ọ̀fun wọn ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Kò sí ẹnì kan tó dúró gbọ́ wọn. Àgbà náà ní òtítọ́ tí wọn ò sọ nígbà tó wúlò nìyẹn. Àwọn alágbèrè náà wà níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ tiwọn lẹ́nu àwọn aríran yòókù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀ ni pátákó ń gbé jáde gàdàgbà, tí ìyá wọn àti àna wọn sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbójú sókè wò ó.

A dé ọ̀dọ̀ àwọn aninilára. Àwọn tó ń fa pátákó aláìní tu, tí wọ́n ń fi ti olówó sílẹ̀, pákó ni wọ́n rù sórí, pákó tó ń jó, wọ́n ń rù ú lọ rù ú bọ̀, kò sí ibi tí wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ọ́, ẹnì kan á jágbe mọ́ wọn pé ó sún mọ́ títì jù. Mo rí ọ̀kan tó ru pákó tí wọ́n kọ “Sùtánà wà níbí” sí. Lẹ́tà náà ń jó geregere. Mo ní kó máa rù ú lọ.

Lẹ́yìn náà ni títì tí à ń tọ̀ yà, mo sì mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n kí n tó rí i tán, nítorí kọ́nà Odò-Ẹja ni, ilé ìjọ wa ni kò sí níbẹ̀, mo fẹ́ padà, àgbà náà di ọwọ́ mi mú, ooru ń bọ̀, iná ń bù yẹ̀rì yẹ̀rì, ohùn ọkùnrin kan sì ń ké níwájú, ó ń ké pé ẹ bá mi dín in kù, ẹ bá mi dín in kù, ẹ ṣàánú mi ẹ bá mi dín in kù, títí a fi yọ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ni. Ẹ rántí pé ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tí wọ́n sin ín pẹ̀lú fèrè. Ó jókòó sórí àga irin tó pọ́n bí ẹyin iná, pátákó tó ga ju gbogbo èyí tí mo ti ń rí lọ wà níwájú rẹ̀. Á tàn funfun, ojú rẹ̀ á fọ́ pẹ̀ẹ́ bí ẹyin. Á tún là. Bó bá ti là báyìí, ohun tó máa rí ni ojú Mọ́rẹ́nikẹ́. Kò rẹ́rìn-ín sí i o. Ó kàn ń wò ó. Kó tó rí ẹnu fi bẹ̀ ẹ́, á tún tàn funfun.

Àwọn méjì kan wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wọ awò dúdú. Ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, iná yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀kan bi èkejì pé èwo ló mọ́lẹ̀ jù nínú èyí, èkejì ní òun náà ò rí i. Láníyọnu ní kí wọ́n yọ awò yẹn, kí wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bá tiwọn lọ. Àgbà náà sọ fún mi pé ìrọ̀lẹ́ kì í lẹ́ níbẹ̀.

Láníyọnu rí mi. Ó dá mi mọ̀. Ó ní, “Ìyá Ìdòwú, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gidi, mo fọwọ́ di inú mú. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ gba kámú.” Inú mi dùn débi tí ara mi fúyẹ́, mi ò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́ níbí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àbúrò mi sínú ilẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí àgbà náà jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ó. Kò bá mi wí. Ó kàn fọwọ́ yí orí mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àga irin mìíràn wà níbẹ̀. Ó tóbi ju ti Láníyọnu lọ, ó sún mọ́ pátákó jù ú lọ, ó sì ṣófo. Wọ́n ti dáná sí i lábẹ́, ó ń gbóná bọ̀. Sùtánà kan wà lórí rẹ̀, wọ́n ká a sílẹ̀ de ẹni tó ni ín. Àgbà náà ní kí n gbé e. Mo gbé e. Kí n tó tú u tán ni ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, nítorí iṣẹ́ mi ni. Èjìká òsì rẹ̀ wọ̀ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, mo sì fi aṣọ kékeré kan sí i nínú kó lè dọ́gba. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú ìjọ yìí.

Alàgbà Gbénró, ẹ má wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn yín. Ẹ fọwọ́ kan èjìká yín òsì.

Mo bi àgbà náà pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Ó ní, “Kò tíì fọwọ́ sí i. Lọ sọ fún un.”

Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Mo ní mi ò lọ. Mo ní èmi kọ́ ni wọ́n máa rán níṣẹ́ ìgbàlà sí i, èmi tí mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku. Mo ní ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kó jẹun alẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn, kó wá jí sórí àga yìí. Mo ká aṣọ náà padà, mo tẹ́ ẹ sórí àga dáadáa, mo tilẹ̀ nà án kó má hunjọ. Òtítọ́ tó wà nínú mi nìyẹn, Ọlọ́run sì rí i. Tó bá jẹ́ ti ọkàn Alàgbà nìkan ni, ẹ kì bá gbọ́ ìran yìí láéláé.

Àgbà náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn bi mí pé, “Àwọn ẹní yẹn ńkọ́?”

Bí mo bá dákẹ́, Alàgbà á jókòó sórí àga rẹ̀, àmọ́ àwọn ẹní yẹn náà á rí àwọn tó máa sùn sórí wọn. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí mo rán aṣọ fún, tí ẹ máa sọdá lálẹ́ yìí, tí ẹ máa sọdá lọ́la àti lọ́túnla. Mi ò lè gba ẹ̀san mi kí n fi yín sanwó rẹ̀. Mo sunkún nítorí ó dùn mí pé mi ò lè gbà á. Mo ní màá lọ. Mo ní àmọ́ bí mo bá sọ fún un tí kò gbọ́, kí wọ́n fi kún iná abẹ́ àga yẹn. Ó ní wọ́n ti ń fi kún un.

Mo lajú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ níbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Gbogbo ara mi gbẹ, àfi ojú mi nìkan ló tutù. Lára ògiri, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń pọ́n, tó ń di búlúù, tó wá tàn funfun báláú, mo pariwo pé Jésù, mo rò pé mi ò tíì kúrò níbẹ̀ ni. Pátákó ìta ni. Wọ́n ti tàn án.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Alàgbà, ẹ rí mi bí ọ̀tá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọ̀tá yín ni mí. Àmọ́ mo ti jíṣẹ́. Àga yẹn ń gbóná. Ẹ lè má fọwọ́ sí i. Ẹ lè ní kí wọ́n wú u lọ́la ní kọ́nà yẹn bí òfin yín ti wí, bí wọ́n ṣe wú tèmi. Ọwọ́ yín ló wà.

Mo rí i pé ẹ ti fẹ́ kúnlẹ̀ gba ìran. Àṣà wa ni, ẹni tí ìran bá kàn á tan àbẹ́là, á kúnlẹ̀, wòlíì á gbàdúrà lé e lórí, ó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹ gbé àbẹ́là yẹn kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó níbí. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ara yín. Ẹ wo aṣọ funfun tí mo rán fún yín bó ṣe pọ́n lọ́rùn yín yìí. Kì í ṣe àbẹ́là ló ń ṣe é, wíńdò ló ti ń wọlé. Ilẹ̀ ti ṣú, pátákó ti bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ yìí, Alàgbà kò ní wọ ọkọ̀. Ẹ fún un ní bàtà rẹ̀. Gbogbo wa jọ máa fẹsẹ̀ sọdá ní kọ́nà ni, a máa dúró lẹ́bàá títì, Alàgbà ló sì máa kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, láìwọ awò dúdú. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí káńsù kì í ṣe ni, ẹ bá wa ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá dé òdìkejì, Alàgbà, ẹ pè wá láti ibẹ̀, kí ẹ sọ fún wa bóyá ó mọ́lẹ̀ jù.